Ẹfọ̀n La Fẹ́ Lọ Wò, Ẹ̀fọn Ni Ká Ṣọ́ra Fún: Ètò Ojú Ọjọ́ àti Ìlera fún Ìrìnàjò sí Igbó Ọba Yankari

  

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ìrìnàjò afẹ́. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ nípàdé pé tí ẹgbẹ́ bá dáwó jọ, kì í ṣe etí òkun àti orí òkè nìkan ló yẹ ká máa lọ, pé ó yẹ kí àwa náà fi ojú ara wa rí erin. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Ní Nàìjíríà, tí a bá ti dárúkọ erin, igbó ọba Yankari ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìpínlẹ̀ Bauchi ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alkaleri. Ọdún 1956 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún ẹranko, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àlejò ní 1962. Fífẹ̀ rẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó. Erin wà níbẹ̀, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, erinmi, ìmàdò àti ìnàkí wà níbẹ̀. Omi gbígbóná kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Wikki, tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní bíi 31 dígírì tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká jọ bi ara wa ní ìbéèrè kan. Tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ rìnrìnàjò, kí la máa ń kọ́kọ́ bá fà? Aṣọ ni! Àǹkárá wo la máa rà, gèlè wo ló máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ ìlera, ó di àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra kí ẹnì kan tó béèrè pé, "Ta ló mú parasitamọ́ọ̀lù dání?" Ìrìnàjò yìí kò gba bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀, tí a kò bá ṣe é ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, owó kò lè rà á mọ́.

1. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ 2019

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Borno lọ sí Yankari fún ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọdé alára líle ni wọ́n, kì í ṣe arúgbó. Lẹ́yìn ìrìnàjò náà ni ibà bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Àyẹ̀wò fi hàn pé ibà pọ́njú ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever. NCDC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn, kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ̀mí bọ́ nínú àjàkálẹ̀ náà, wọ́n sì sáré gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé agbègbè Alkaleri.

Ìtàn yìí kò sọ pé ká má lọ. Kò sí ohun tí erin tàbí kìnnìún ṣe fún àwọn ọmọ yẹn. Kòkòrò kékeré tó ń kùn létí ló ṣe é. Ẹ wo èdè wa bó ṣe jinlẹ̀ tó: ẹfọ̀n ni ẹran oníwo ńlá tí a fẹ́ lọ wò, ẹ̀fọn ni èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ láì fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀rù oníwo ló ń ba gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ ló ń pani.

2. IBÀ PỌ́NJÚ ÀTI ABẸ́RẸ́ RẸ̀

Nílé wa, tí ojú ènìyàn bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a ní ibà pọ́njú ni. Àìsàn oríṣiríṣi ló lè mú ojú yí padà bẹ́ẹ̀. Èyí tí à ń sọ níbí, inú igbó ló ń gbé. Ẹ̀fọn á mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó ní in lára, á wá mu ti ènìyàn. Ọ̀sán gangan ni irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹni, nítorí náà ẹni tó ní "mo máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì" kò tíì bọ́ o.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ̀fọn náà bá jẹni, ara á gbóná, orí á máa fọ́, ẹ̀yìn á máa dunni, èébì á máa gbé ènìyàn. Ọ̀pọ̀ á gbádùn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn á fúyẹ́ fún ọjọ́ kan, tí wọ́n á ti máa dúpẹ́, tí àìsàn náà á tún padà wá: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde ní imú àti ẹnu. Nínú àwọn tó bá dé ibẹ̀ yẹn, bí ìdajì ló ń kú. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa á. Ìtọ́jú ilé ìwòsàn ló ń ran ara lọ́wọ́ kí ó fi jà.

Ohun tó wà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbà á, ó di ti ọjọ́ ayé yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ó gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó ṣiṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́ ló tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Bí ẹ bá sanwó fún aláṣọ ní Kano láàárọ̀ yìí, ṣé ọjà á wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín kó tó di ọ̀sán? Bẹ́ẹ̀ náà ni ara. Ó ní ọjọ́ tó fi ń kó ohun ìjà rẹ̀ jọ. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ lónìí tó wọ bọ́ọ̀sì lọ́la, ó sanwó ọjà, ọjà kò tíì dé.

Ta ló ti lè gbà á láàárín wa? Láti 2004 ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ yìí kún èyí tí wọ́n ń fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ yín ti gbà á kí ẹ̀yin tí ẹ bí wọn má tíì gbà á. Àwọn Alhaja wa tó ti lọ Mẹ́kà, ẹ lọ wo inú àpótí yín. Yẹ́lò káàdì tí wọ́n fún yín nígbà náà, òun ni ẹ̀rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọdún mẹ́wàá sí i, láti 2016 ni gbogbo ayé ti fẹnu kò pé kò ní ọjọ́ ìparí mọ́. Ẹni tí kò bá ní, kó béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ní ọ́fíìsì Port Health. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́ o. Ẹ̀fọn kì í ka káàdì.

Abẹ́rẹ́ yìí kò wà fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Aláboyún, ẹni tó ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án lọ́mú, ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹyin adìẹ, ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, àti ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí, ẹ gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbà á. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí máa kan àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa gan-an. Tí dókítà bá ní kí màmá kan má gbà á, kí màmá náà má lọ sí Yankari. Kì í ṣe ìtìjú. Àwa tó bá lọ á mú fọ́tò àti ẹ̀bùn bọ̀.

3. OṢÙ WO LÓ DÁRA?

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò rí bíi tiwa. Níhìn-ín, òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ní Bauchi, oṣù kẹjọ gan-an ni òjò ń pọ̀ jù. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, ọ̀nà inú igbó á di ẹrẹ̀, koríko á ga ju ènìyàn lọ, ẹranko á fọ́n káàkiri nítorí omi wà níbi gbogbo, ẹ̀fọn á sì pọ̀. Ẹ ó náwó, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, koríko á gbẹ, àwọn ẹranko á máa wá mumi létí odò Gaji. Ìgbà yẹn ni ojú ń rí erin. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tirẹ̀:

Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ọyẹ́. Ọ̀sán á móoru, òru á tutù débi pé ó lè wálẹ̀ dé 12 dígírì. Tí ẹ bá gba Jos kọjá tí ẹ sùn níbẹ̀, òtútù orí òkè tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí èémí máa ń há, tó ń fa ìnhélà, kí ó mú méjì dání nítorí eruku. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù lè ká a mọ́lẹ̀, kó gba àṣẹ dókítà kó tó san kọ́bọ̀.

Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni ooru. Ó lè kọjá 40 dígírì lọ́sàn-án. Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ìyẹn kì í ṣe eré.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ni yírùnyírùn máa ń jà lókè ọ̀hún, ìgbà náà ni ibà Lassa sì ń pọ̀ ní Bauchi àti lọ́dọ̀ wa ní Òndó.

Kò sí oṣù tí kò ní èlé tirẹ̀. Tí ẹ bá bi mí, ìparí oṣù kìíní sí ìlàjì oṣù kejì ni mo fara mọ́. Ọjà Kérésì ti kọjá, ẹranko ti ń wá sétí omi, ooru ńlá kò tíì dé. Tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá bọ́ sí ìgbà náà, ẹ sún ọjọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà wà láìmumi nínú oòrùn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wà nínú ètò. Ní 2025, àwọn oníbọn pa àwọn ọdẹ àti ará abúlé nínú igbó kan ní Alkaleri. Kí ìgbìmọ̀ béèrè bí agbègbè náà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn alábòójútó igbó àti ọlọ́pàá kí a tó dá ọjọ́, kí wọ́n tún béèrè lọ́sẹ̀ tí a máa gbéra. Tí ìròyìn kò bá dára, ẹ fagi lé e. Ọ̀sán nìkan ni kí bọ́ọ̀sì máa rìn.

4. OMI, OORU ÀTI OÒGÙN

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin kì í mumi lójú ọ̀nà kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wá. Ìrìn yìí kì í ṣe ìrìn àárọ̀ kan. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ há ọ̀fun, orí á fọ́ ọ, òyì á kọ́ ọ, bó bá sì dé inú oòrùn Bauchi, ó lè ṣubú. Kí ìgbìmọ̀ bá awakọ̀ ṣe àdéhùn: wákàtí méjì-méjì, bọ́ọ̀sì á dúró níbi tó ní ilé ìyàgbẹ́, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó rìn díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí wa lẹ́sẹ̀. Nínú ooru, ká fojú sí bíi lítà mẹ́ta omi lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi pamọ́ fún oòrùn. Ẹni tí dókítà bá ti dín omi kù fún nítorí ọkàn tàbí kídìnrín, kí ó béèrè iye tirẹ̀.

Tí inú bá ń ṣí, ORS ni kí ẹ mu. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan sínú lítà omi kan. Tí kò bá sí, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, ṣíbí tí a gé orí rẹ̀ o, sínú lítà omi tó mọ́ kan.

Tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ nínú ooru tí ara rẹ̀ sì gbóná bí iná, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà: ẹ ka ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún un. Inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe nínú ẹrù tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń gún ínsúlíìnì, kó gbé e sínú kúlà kékeré, kí yìnyín má kàn án lára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn máa ń mú ènìyàn tọ̀ púpọ̀, ẹ bi dókítà bí ẹ ṣe máa lò ó nínú ooru. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

5. NÍNÚ IGBÓ

Aṣọ. Aṣọ àdìrẹ aláró tó wuyì yẹn, ẹ fi sílé. Eṣinṣin kan wà ní Yankari tí wọ́n ń pè ní tsetse, àwọ̀ búlúù àti dúdú ló ń pè é. Àwọ̀ yanrìn tàbí ewé gbígbẹ ló dára, kí apá rẹ̀ gùn, kí ó nípọn díẹ̀. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà o, òfin kò gbà á. Ẹ mú súẹ́tà fún òru, bàtà tó bo ẹsẹ̀, àti tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀fọn. Ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, ẹ fi pa ara lọ́sàn-án àti lálẹ́. Lóru, ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn, nítorí ti ibà tí gbogbo wa mọ̀.

Ejò. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ igi. Tí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má gbẹ́ ẹ ní gbẹ́rẹ́, ẹ má so ó le, ẹ má fẹnu fà á. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà, ẹ má jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà mì, ẹ gbé e lọ. Ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe tó múlé ti Bauchi, ilé ìwòsàn ìjọba kan wà tó lórúkọ fún ìtọ́jú oró ejò. Kí olórí ikọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ibi tó sún mọ́ jù kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí a bá dé.

Ìnàkí. Àwọn ìnàkí ibẹ̀ mọ ènìyàn jù. Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbé búrẹ́dì yín. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ, ẹ ti ilẹ̀kùn. Tí ó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ nítorí dìgbòlugi àti ipá.

Eku. Ibà Lassa, ọ̀dọ̀ eku ló ti ń wá. Ẹ gbé gààrí àti oúnjẹ yín sínú ike tó ní ìdérí líle. Èyí tó bá wà ní ṣíṣí mọ́jú, ẹ dà á nù, kódà kó jẹ́ owó ńlá lẹ fi rà á.

6. ÈTÒ LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀ DÉ ÒPIN

Oṣù mẹ́ta ṣáájú: ẹ dá ọjọ́, ẹ béèrè ọ̀nà, ẹ kọ orúkọ. Ẹ má tíì ra aṣọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú: kí gbogbo ẹni tó kọ orúkọ lọ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ibà pọ́njú ni àkọ́kọ́, kí ẹ sì béèrè ti yírùnyírùn. Ẹ̀yin Alhaja, ti yírùnyírùn kì í ṣe títí ayé. Ó máa ń parí láàárín bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún.
Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: akọ̀wé á wo káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá gba abẹ́rẹ́, a ó dá owó rẹ̀ padà fún un. Ààrẹ ni, ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni, òfin kan náà ni.
Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú: oògùn, ORS, nẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà nílé.

7. TÍ A BÁ DÉ

Ìrìnàjò kò parí lọ́jọ́ tí a dé. Fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí olúkúlùkù ṣọ́ ara rẹ̀. Tí ara bá gbóná, ẹ má fi àgbo tàbí oògùn kẹ́mísíìtì dán an wò. Ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ sì fẹnu yín sọ pé, "Mo ti Yankari dé." Gbólóhùn kékeré yìí ló máa mú dókítà ronú kọjá ibà lásán. Kó tó di pé ẹ débẹ̀, parasitamọ́ọ̀lù nìkan ni kí ẹ lò fún ara gbígbóná. Ẹ má lo ásípírìnì tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè mú ẹ̀jẹ̀ máa dà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Nínú wa, ta ló ní yẹ́lò káàdì? Ta ló ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí?
2. Ṣé a gbà pé ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ kò ní wọ bọ́ọ̀sì, kódà kó jẹ́ ẹni tó dáwó jù?
3. Ta ni a máa yàn tó máa mọ oògùn tí olúkúlùkù ń lò àti nọ́ńbà ilé rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè kejì kí ìgbìmọ̀ tó lọ san owó àǹkárá. Aṣọ lè dúró de ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́wàá kò dúró de ẹnikẹ́ni. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire, a ó sì bá ọjà wa lórí ìjókòó.